Ọ̀nà Tí “He” àti “She” Gbà Dé Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta kan wà, kò sí olùkọ́ láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ tí kò tíì fi bírò pupa fàlà sí wọn nídìí. Ọ̀kan ni “My mother is a fish seller, he wakes up early.” Ọ̀kan ni “They are calling you,” tó sì jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń pe èèyàn. Ẹ̀kẹta ni “My uncle and his wife love themselves.” Mo fàlà sí wọn títí mo fi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Nínú yàrá olùkọ́, wọn a máa sọ pé olódo ni ọmọ tó bá kọ irú ẹ̀. N kò gbà bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ tó kọ “he” fún ìyá rẹ̀ mọ̀ pé obìnrin ni ìyá òun. Òun ló bá a ru agbọ̀n ẹja dé ọjà Olúwo kí ó tó sáré wá sí kíláàsì. Ohun tó kọ yẹn ní orísun. Bí a bá tọpa rẹ̀ lọ, a ó bá ogun àti ọkọ̀ ojú omi pàdé, a ó bá ilé kéwú, ṣọ́ọ̀ṣì àti owó ìjọba.

Nígbà tí èmi alára wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àkọ́sórí ni wọ́n fi ń kọ́ wa ní pronoun. Tíṣà á kọ ọ́ sójú pátákó: personal, possessive, reflexive, demonstrative, interrogative, relative, indefinite. A ó kà á ní ohùn kan, a ó tún un kà, ẹni tó bá gbàgbé ọ̀kan á na ọwọ́ gba pàṣán. Lẹ́yìn ìyẹn la bá a pàdé nínú Student's Companion ti Wilfred Best àti First Aid in English ti Angus Maciver, ká tó wá kan Practical English tí Phebean Ogúndípẹ̀ àti Tregidgo kọ fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì. Ìwé gidi ni wọ́n. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kò ní arọ́pò-orúkọ kankan lẹ́nu kí ó tó wọlé. Ọmọ Ìkòròdú ní tirẹ̀. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní ju oríṣi kan lọ.

Ìkòròdú ni wọ́n bí ìyá ìyá mi sí, Ìjẹ̀bú ilé wọn ni wọ́n sì sọ dọ́jọ́ alẹ́. (Ẹ kíyè sí i pé ẹnì kan ṣoṣo ni mo ń pè ní “wọ́n” yìí. Ìyá àgbà kì í sọ ọ́ báyìí. Ilé-ìwé àti rédíò ló kọ́ mi.) Bí àlejò bá wọlé, tí wọ́n ju ẹyọ kan lọ, ìyá àgbà á ké sí wa nínú yàrá pé “àn án wá.” Bí wọ́n bá sì kọjú sí àwọn àlejò ọ̀hún fúnra wọn, “àn án wá” náà ni. “Ẹ wá” àti “wọ́n wá” tí àwọn ará Ọ̀yọ́ ń sọ, ọ̀kan ṣoṣo ni lẹ́nu wọn. Èyí kì í sì í da ẹnikẹ́ni láàmú. Ibi tí ojú wọn bá kọ sí la fi ń mọ èyí tí wọ́n ń wí.

Abíọ́dún Adétugbọ́, ẹni tó fi ìwádìí lórí ẹ̀ka-èdè Yorùbá gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Columbia ní 1967, pín ilẹ̀ Yorùbá sí ẹkùn èdè mẹ́ta. Ó kó Ìjẹ̀bú, Oǹdó, Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ sí ẹkùn gúúsù-ìlà-oòrùn. Ọ̀kan nínú àmì ẹkùn yìí ni pé ẹni kejì ọlọ́pọ̀ àti ẹni kẹta ọlọ́pọ̀ ti para pọ̀ di ọ̀kan. Àbá tí àwọn onímọ̀ dá nípa ìdí rẹ̀ dùn mọ́ mi púpọ̀. Wọ́n ní bóyá ọ̀wọ̀ ni kò jẹ́ kí ìdàpọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní ìhà Ọ̀yọ́. Níbi tí a bá ti ń sọ “ẹ” fún bàbá ẹni lójú rẹ̀, tí a sì ń sọ “wọ́n” nípa rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí méjèèjì dà rú mọ́ra wọn. Níbi tí a kì í ti í fi ọ̀pọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹyọ, kò sí ohun tó dá wọn dúró. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi èyí bú Ìjẹ̀bú, wọ́n ní wọn kò mọ àgbà. Ọ̀rọ̀ rírùn ni. Ìkúnlẹ̀ wà, oríkì wà, orúkọ tí ọmọdé kò gbọdọ̀ pè wà. Arọ́pò-orúkọ nìkan kọ́ ni ilé ọ̀wọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá tukọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì rọ̀jò àgbá lé Èkó lórí, Ọba Kòsọ́kọ́ sì sá kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀, àwọn jagunjagun bíi Òṣòdì Tápà sì wà lára wọn. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n fìdí kalẹ̀ sí. Ní oṣù Kẹsàn-án 1854, Campbell, kọ́ńsúlù Gẹ̀ẹ́sì, bá Kòsọ́kọ́ ṣe àdéhùn, kí ó lè máa ṣòwò rẹ̀ níbẹ̀ láì yọ Èkó lẹ́nu. Nígbà tó di 1862, Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó, àwọn tó bá a padà ló tẹ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dó ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kò padà mọ́. Ọmọ wọn ni à ń pè ní Èkó-Ẹ̀pẹ́, àwọn ló ń ṣe ọdún Káyókáyó, àwọn onílẹ̀ tí wọ́n bá níbẹ̀ sì ni Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́. Ìlú kan, ẹnu méjì. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ wá ṣe tíṣà, ọmọ ìhà kan á sọ pé “wọ́n ti lọ,” ìyá àgbà ìhà kejì á fi “àn án” tirẹ̀ dáhùn, kò sì sí ẹni tó ń wo ara wọn tìyanu-tìyanu.

Ohun kẹta tún wà níbẹ̀ tí Ìkòròdú kò tètè ní tó bẹ́ẹ̀. Mùsùlùmí pọ̀ nínú àwọn èèyàn Kòsọ́kọ́, Ẹ̀pẹ́ sì di ìlú kéwú. Èdè Lárúbáwá ń pín ọkùnrin àti obìnrin níyà nínú arọ́pò-orúkọ ju bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pín in lọ. Huwa ni ọkùnrin, hiya ni obìnrin. Bí ẹni tí o ń bá sọ̀rọ̀ bá jẹ́ ọkùnrin, anta. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, anti. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì péré, humā, nítorí pé èjì kì í ṣe ọ̀pọ̀ lójú wọn. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ kéwú kò dé ibẹ̀, àkàsórí Kùránì ni wọ́n ń ṣe. Àmọ́ ẹni tó bá dé orí ìwé Ajurrumiyya, tó ń kọ́ nahwu lẹ́sẹ̀ alùfáà, “he” àti “she” kò lè jẹ́ ìyanu fún un mọ́. Mo ní ọmọ alùfáà kan ní kíláàsì mi tí kò ṣe àṣìṣe yẹn rí, bẹ́ẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yòókù kò dára. Mo bi í bó ṣe ń mọ̀ ọ́n. Ó ní, “Ma, hiya ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ nínú.”

Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn ìtàn ilé-ìwé Mùsùlùmí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ ní 1898. Àwọn Mùsùlùmí nígbà náà kì í fẹ́ fi ọmọ wọn sí ilé-ìwé àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ibi tí ọmọ ti lọ kọ́ A-B-D ni yóò ti gba orúkọ tuntun bọ̀. Edward Blyden tó jẹ́ onímọ̀ àti Henry Carr tó jẹ́ alábẹ̀wò ilé-ìwé bá wọn sọ ọ́, ìjọba sì ṣí tàkọ́kọ́ ní Èkó ní 1896, Idris Animashaun ló ṣe ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀pẹ́ ló tẹ̀ lé e, Àgbádárìgì tẹ̀ lé Ẹ̀pẹ́ ní 1899. Kéwú wà níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀. Nítorí náà, kí a tó bí ìyá mi ni ọmọ Ẹ̀pẹ́ ti ń gbé arọ́pò-orúkọ èdè mẹ́ta kiri nínú orí kan.

Ọ̀nà mìíràn ni “he” àti “she” gbà dé Ìkòròdú. Kí ó tó di 1892, Ìjẹ̀bú ti ilẹ̀kùn mọ́ òyìnbó àti oníwàásù. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n rìn gba inú igbó lọ, wọ́n sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, 1894, Ìkòròdú bọ́ sábẹ́ ìjọba Èkó. Ká má purọ́, Ìkòròdú kò ti ilẹ̀kùn mọ́ òyìnbó tó Ìjẹ̀bú-Òde rí. Ní 1865, nígbà tí Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, ọmọ ogun Glover, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, ló lé Ẹ̀gbá lọ. Àmọ́ lẹ́yìn ogun Ìmàgbọ̀n ni ilé-ìwé wá dà bo gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ.

Ta ni àwọn tíṣà tó wá? Èdè Yorùbá wo ni wọ́n gbé wá? Ti Àjàyí Crowther ni. Òṣogùn ni wọ́n ti kó Crowther lẹ́rú ní 1821, ẹnu Ọ̀yọ́ ló wà lẹ́nu rẹ̀. Òun ló tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, tí ìwé gírámà rẹ̀ sì jáde ní 1852. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló túmọ̀ Bíbélì, tó fi pé odindi ní 1884. “Ẹ” àti “wọ́n” tó wà nínú àwọn ìwé wọ̀nyẹn, ti Ọ̀yọ́ ni. Lójú tèmi, ibi tí àwọn òpìtàn ẹ̀kọ́ kò wò dáadáa nìyí. Ọmọ Ìkòròdú tó wọ kíláàsì lẹ́yìn 1894 kọ́ arọ́pò-orúkọ àjèjì méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ní àyè tirẹ̀ lórí pátákó, wọ́n ń pè é ní English Grammar. Èkejì kò ní àyè, ẹ̀kọ́ ilé ni wọ́n ń pè é: má sọ “o” fún tíṣà, sọ “ẹ.” Pàṣán ni wọ́n fi kọ́ méjèèjì.

Owó ló sì jẹ́ kí ti òyìnbó máa borí. Òfin ẹ̀kọ́ 1882, àti èyí tí Èkó ṣe fún ara rẹ̀ ní 1887, fi owó ìrànwọ́ sórí èsì ìdánwò. Alábẹ̀wò á dé, á bi ọmọ léèrè, iye tó bá yege ló ń sọ iye tí ilé-ìwé máa gbà. Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò. Kò sí ọ̀gá ilé-ìwé tó máa jókòó ṣàlàyé pé “ó” Yorùbá ń ṣiṣẹ́ “he,” “she” àti “it” pọ̀, nígbà tó jẹ́ pé àlàyé yẹn kò ní mú sílè kan wọlé.

Ohun kan wà tí mo máa ń fi pa àwọn ọmọ ìjọ lẹ́rìn-ín. Ọmọ Yorùbá tí kò jẹ́ sọ “o” fún bàbá rẹ̀, “Ìwọ” ló ń pe Ọlọ́run. Mùsùlùmí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run kan ṣoṣo ni, ẹni bá pè é ní “ẹ̀yin” lè máa dá òrìṣà sílẹ̀ láì mọ̀. Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ti rìn ní ọ̀nà yìí. Wọ́n ti ní “thou” fún ẹnì kan, “ye” àti “you” fún ọ̀pọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ti ọ̀pọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan bíi ti Faransé. Ọ̀wọ̀ náà pọ̀ débi pé kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n sọ “thou” sí òun mọ́, “thou” sì kú lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ìwé gírámà Lindley Murray ti 1795 ṣì ń to “thou” pọ̀ mọ́ àwọn yòókù, bẹ́ẹ̀ ọjà ti pa á tì. Àdúrà ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún. Nítorí náà, tí òyìnbó bá sọ fún yín pé èdè òun kò ní wàhálà “ẹ” àti “o,” ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé “ẹ” ló jẹ “o” run lọ́dọ̀ tiwọn.

Ní oṣù Kìíní 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, tí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀ títí tí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Ọmọ ya wọ kíláàsì. Tíṣà kò tó, wọ́n ń kó wọn jáde ní wàràwàrà láti kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ Grade Three. Ọ̀dọ́ tó ń sọ “he” fún ìyá rẹ̀ ní àná di ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní “she” lónìí. N kò fi wọ́n ṣẹ̀sín, àwọn ló kọ́ ìran mi. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì tiwa ti fìdí múlẹ̀, tí àṣìṣe fi di èdè.

“It” ló máa ń fún mi ní iṣẹ́ jù. “It is raining.” Ọmọkùnrin kan dìde, ó ní, “Ma, ta ni ‘it’ yẹn?” Mo ní òjò ni. Ó ní, “Òjò ń rọ òjò?” Kíláàsì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbọ́n ju ẹ̀rín wọn lọ. Yorùbá ń jẹ́ kí òjò fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́ rẹ̀: òjò ń rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní láti wá ẹnì kan fi sí ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, bí kò bá rí ẹnì kan, a fi “it” tí kì í ṣe ẹnikẹ́ni síbẹ̀. “Who” àti “which” kò le tó bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé “ọkùnrin tí ó wá” ló ń bí “the man who he came.” Demonstrative kò le rárá: èyí, ìyẹn, ó tán. Possessive nínú Gẹ̀ẹ́sì kò le. Ti Yorùbá ló yẹ kí wọ́n máa bẹ̀rù, nítorí àmì ohùn kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé rẹ àti ilé rẹ̀, àwọn tó ń kọ pátákó ìpolówó kì í sì í fi àmì sí i.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí “themselves.” “Ara” ń ṣiṣẹ́ méjì fún wa. Bí àwọn ọmọ méjì bá ń na ara wọn, kálukú lè máa na ara tirẹ̀, wọ́n sì lè máa na ẹnì kejì. Ẹni tó bá rí ìjà rí mọ èyí tí à ń wí. Gẹ̀ẹ́sì ní kí á yan: themselves, tàbí each other. Kì í ṣe Ẹ̀pẹ́ nìkan ni “they love themselves” ti gbilẹ̀, ó ti kárí Nàìjíríà. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu pásítọ̀ níbi ìgbéyàwó, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu lọ́yà. Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń dẹ ẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ.

“They are calling you” ní tirẹ̀, wọ́n méjì ló fara pa mọ́ sínú rẹ̀. Wọ́n ti ọ̀wọ̀ wà: ìyá ọ̀rẹ́ rẹ ló ń pè ọ́, ọmọdé kò sì jẹ́ sọ pé “ó ń pè ọ́.” Wọ́n mìíràn wà tí kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni: wọ́n bí mi ní Ìkòròdú, wọ́n jí bàtà mi, wọ́n ti mú iná lọ. Ta ni “wọ́n” tó mú iná lọ? Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti ń lo passive, “wọ́n” la fi ń ṣe é. Tí ọmọ bá gbé méjèèjì wọ “they,” ó ti kó ẹ̀kọ́ ilé àti gírámà pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan, bírò pupa ni èrè rẹ̀. Ó wá ṣe, àwọn òyìnbó fúnra wọn ti ń lo “they” fún ẹnì kan tí wọn kò mọ̀ láti ọ̀rúndún kẹrìnlá. Ní 2019, ilé-iṣẹ́ ìwé atúmọ̀ Merriam-Webster fi “they” ṣe ọ̀rọ̀ ọdún, nítorí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní “he” tàbí “she.” Tí ẹ bá dé gáréèjì Ìkòròdú, ẹ ó gbọ́ pé pijin ti yanjú tirẹ̀ tipẹ́: “im” ni ọkùnrin, “im” ni obìnrin, “una” ni gbogbo yín.

Ní 2018, Gómìnà Akínwùnmí Àńbọ̀dé, tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́, fọwọ́ sí òfin tó sọ Yorùbá di dandan ní gbogbo ilé-ìwé Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ìjọba àti ti aládàáni. Inú mi dùn sí i, inú mi ṣì ń dùn. Ọmọ ọmọ mi tó wà ní Ìkòròdú gbé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n ya àpótí fún wọn: ẹni kìíní, ẹni kejì, ẹni kẹta, ẹyọ, ọ̀pọ̀. Ó ti kọ mo, o, ó, a, ẹ, wọ́n sínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ tọ̀nà. Mo bi í pé èwo ni “àn án” tí ìyá àgbà àwa ń sọ. Ó ní òun kò gbọ́ ọ rí. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún un, ó gbé pẹ́ńsù, ó bi mí pé inú àpótí wo ni kí òun kọ ọ́ sí. Mo ní ti ẹni kejì àti ti ẹni kẹta, kó pa ìlà àárín wọn rẹ́. “Màmá,” ó ní, “rúlà ni Àǹtí wa fi fa ìlà yẹn o.”